Ẹ Béèrè Lọ́wọ́ Tíṣà Àgbà: Tíṣà ń kọ́ tíṣà lórí fóònù

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi l'Àkúrẹ́, ẹ̀yin ará Oǹdó Ẹ̀kìmọ̀gún náà, mo kí yín. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ tíṣà àti fóònù ló pọ̀ jù níbẹ̀, ni mo bá ní kí n kúkú kó wọn sójú kan. Àwọn míì gùn jù, mo ti gé wọn, ẹ má bínú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán ma. Tíṣà praímárì ni mí l'Òkè-Àró níbí l'Àkúrẹ́. Wọ́n kó àwa tíṣà tá a lé ní ọgọ́rùn-ún sórí gúrúùpù WhatsApp kan, wọ́n ní ibẹ̀ la ó ti máa gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àmọ́ ma, àtàárọ̀ dalẹ́ "gúdù mọ́níìn" ló wà níbẹ̀, àdúrà, fídíò ẹni tó ń jó, PDF tẹ́nì kankan ò ṣí rí. Tí wọ́n bá tún ní sémínà wà lórí Zoom, kí n tó ráyè jókòó, iná á ti lọ, dátà á tán, "ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" nìkan ni mo máa ń gbọ́ títí wọ́n fi máa parí. Ẹ bá mi dá a lóhùn ma, ṣé fóònù yìí ṣeé fi kọ́ṣẹ́ tíṣà ṣá? — Tíṣà tó ti sú, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé fi kọ́ ọ dáadáa, ọmọ mi. Gúrúùpù elérò rẹpẹtẹ yẹn ni kò ṣeé fi kọ́ nǹkan kan. Ìkéde ni kẹ́ ẹ máa fi irú ẹ̀ ṣe: ọjọ́ ìpàdé, owó oṣù tó wọlé, ẹni tó bímọ. Òótọ́ ni pé látọdún 2022 WhatsApp ti gbà kí èèyàn 1,024 wà nínú gúrúùpù kan, àmọ́ pé àyè gbà wọ́n ò ní ká kó gbogbo ìlú síbẹ̀. Níbi téèyàn ọgọ́rùn-ún bá wà, èèyàn mẹ́rin lá máa sọ̀rọ̀, àwọn tó kù á dákẹ́ máa wòran, ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ jù lọ gan-an ni kò ní lè lanu, torí ẹ̀rù ń bà á kí ọ̀gá ẹ̀ má lọ rí i pé kò mọ̀ ọ́n.

Ohun tí màá ní kẹ́ ẹ ṣe nìyí. Ẹ wá tíṣà mẹ́fà sí mẹ́jọ péré, tẹ́ ẹ jọ ń kọ́ kíláàsì kan náà, kí wọ́n má sì jẹ́ ará iléèwé kan ṣoṣo. Ẹ mú ẹnì kan l'Òkè-Àró, ẹnì kan n'Íjọ̀kà, ẹnì kan l'Ọ̀bà-Ilé, kẹ́ ẹ wá ẹnì kan kún un láti Ìgbárá-Òkè tàbí Ìta-Ògbólú, tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń kó kíláàsì méjì pọ̀. Ẹ má fi ọ̀gá kankan sí i o. Níbi tí ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé ìgbéga yín bá wà, ta ló fẹ́ jẹ́wọ́ pé kíláàsì òun dàrú lánàá?

Ẹ má sì fi lẹ́kíṣọ̀ bẹ̀rẹ̀, ìwé ọmọ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ìwé ìṣirò ọmọ praímárì 3 kan, ẹ fi bébà bo orúkọ ẹ̀, ẹ ya ojú ewé náà, ẹ jù ú sí gúrúùpù. Ọmọ náà kọ ọ́ síbẹ̀ pé 52 − 27 = 35. Ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ máa bi ara yín: kí lọmọ yìí ń rò tó fi kọ 35? Ẹni àkọ́kọ́ á ní kò mọ àyọkúrò. Irọ́ ni. Ẹ wo apá ọ̀tún, ó yẹ kó yọ 7 kúrò nínú 2, kò ṣeé ṣe lójú ẹ̀, ló bá yí i padà, ó yọ 2 kúrò nínú 7, ó kọ 5. Ó bọ́ sápá òsì, ó yọ 2 kúrò nínú 5, ó kọ 3. Ọmọ yẹn mọ àyọkúrò o, òfin tó gbé sọ́kàn ni pé èyí tó kéré la máa ń yọ kúrò lára èyí tó tóbi, ibi yòówù kí wọ́n wà. Tẹ́ ẹ bá yẹ ìwé àwọn ọmọ tó kù wò, ẹ máa rí àwọn míì tó ń lo òfin yẹn gan-an, tí wọ́n ti ń fi báírò pupa ha X sí i lára láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, tẹ́nikẹ́ni ò bi wọ́n pé báwo lẹ ṣe ṣe é.

Ibẹ̀ ni tíṣà kan á ti fi fóìsì nóòtù sílẹ̀ pé igi ìṣáná lòun máa ń lò: ìdì mẹ́wàá-mẹ́wàá márùn-ún, ẹyọ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, òun á wá ní kí ọmọ fún òun ní ẹyọ méje. Ọmọ á wo ẹyọ méjì tó wà níwájú ẹ̀, á wojú tíṣà, á tún wo ìdì, kò sẹ́ni tó máa sọ fún un kó tó tú ọ̀kan. Ẹlòmíì á ní òkúta wẹ́wẹ́ àti ìdérí ìgò ló wà níléèwé tòun. Ẹlòmíì á ní òun gbìyànjú ẹ̀ lánàá, àwọn ọmọ fi ìṣáná ṣeré, kò yé wọn, kí lòun ì bá ti ṣe? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn o. Mi ò mọ sémínà ọlọ́jọ́ mẹ́ta tó ń fúnni nírú ẹ̀, pẹ̀lú gbogbo jólọ́ọ̀fù tí wọ́n ń pín níbẹ̀.

Ẹ tún wo owó ẹ̀. Fóìsì nóòtù ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò lè jẹ ju mẹ́gà méjì mẹ́ta lọ. Fídíò Zoom wákàtí kan, ó lè jẹ 500MB kó tún lé, èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ náà á sì gé yín dànù tó bá ti pé ìṣẹ́jú 40. Èyí tó tún wá ṣe pàtàkì jù ni pé fóìsì nóòtù kì í dúró de ẹnì kankan. Ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ lè gbọ́ ọ ní aago mẹ́wàá alẹ́ nígbà tí wọ́n bá ti sùn tán, ẹni tí iná ò sí lọ́dọ̀ ẹ̀ lè gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó pàdánù nǹkan kan. Nígbà tá a bá ní kí gbogbo èèyàn wà lórí láìnì lágogo kan náà, àwọn tó ní jẹnẹrétọ̀ àti àwọn tí kò ní wàhálà nílé là ń kọ́.

Tó bá ti mọ́ yín lára, ẹ wá bọ́ sí ohùn ara yín. Ẹ fi fóònù sápò, ẹ gba ohùn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílẹ̀ níbi tẹ́ ẹ ti ń kọ́ ọmọ. Ẹ má tíì fi ránṣẹ́ síbì kankan, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ fúnra yín, kẹ́ ẹ máa ka iye ìṣẹ́jú àáyá tẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn tẹ́ ẹ béèrè ìbéèrè. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Mary Budd Rowe, ṣèwádìí ẹ̀, ó rí i pé àwọn tíṣà kì í sábà dúró ju bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ kí wọ́n tó pe ẹlòmíì tàbí kí wọ́n fúnra wọn dáhùn. Nígbà tí wọ́n dúró tó mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kò náni ní kọ́bọ̀, àmọ́ ẹ dán an wò kẹ́ ẹ rí bó ṣe ń gùn tó lójú tíṣà tó fẹ́ parí sìkíìmù!

Àwọn ará Jàpáánì ti ń ṣe irú ẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Tíṣà wọn máa ń jókòó pọ̀ pèsè ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, ẹnì kan á kọ́ ọ, àwọn tó kù á máa wo àwọn ọmọ, wọn ò ní máa wo tíṣà, lẹ́yìn náà wọ́n á jọ tún un ṣe. Zambia mú un lò láti 2005, Áfíríkà níbí náà sì ni Zambia wà, ẹ má sọ fún mi pé ti òyìnbó ni. Ẹ̀yin náà lè jọ kọ lẹ́sìn nóòtù kan ṣoṣo láàárín oṣù kan, gbogbo yín. Mo mọ̀ pé kí hẹ́dìmásítà lè fọwọ́ sí i lọ̀pọ̀ nínú yín ṣe ń kọ lẹ́sìn nóòtù, ẹ jẹ́ ká bára wa sòótọ́, inú ìwé ti ọdún tó kọjá lẹ ti ń dà á kọ. Kí ọ̀kan péré jẹ́ ojúlówó lóṣù.

ÌBÉÈRÈ: Tíṣà Àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Hẹ́dìmásítà ni mí n'Ídànrè. Àwọn àgbà tíṣà mi mẹ́ta ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì rárá, wọ́n ní ọdún díẹ̀ ló kù káwọn fẹ̀yìn tì, ti àwọn ọmọ òde òní ni. Ṣé kí n fi dandan lé e fún wọn?

ÌDÁHÙN: Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sà. Tẹ́ ẹ bá fi dandan lé e, ọmọ wọn ni wọ́n á gbé fóònù fún nílé kó bá wọn tẹ̀ ẹ́.

Ẹ rán wọn létí pé wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ rí. NTI Kàdúná, iléèwé ìjọba tó ń dá tíṣà lẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, ṣebí ìwé ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí tíṣà nílé, tíṣà á máa kà á lálẹ́, wọ́n á wá pàdé ní ibùdó lópin ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ ò sì dúró. Àìmọye tíṣà ló gba ìwé ẹ̀rí báyẹn láìfi kíláàsì wọn sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn náà ni, fóònù kàn gba ipò ìwé ni.

Lẹ́yìn náà ẹ so wọ́n pọ̀ méjì-méjì, àgbà kan, ọ̀dọ́ kan. Ọ̀dọ́ á di fóònù mú, àgbà á máa sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́ mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀, àmọ́ àgbà ló ti rí àṣìṣe 35 yẹn ní ogún ọdún sẹ́yìn, tó sì mọ ohun tó ń wò ó sàn. Kí wọ́n sì fi Yorùbá sọ ọ́, ẹ má jẹ́ kẹ́nì kankan fi Gẹ̀ẹ́sì dí wọn lẹ́nu. Ilé-Ifẹ̀ tí wọ́n ní ọmọdé gbọ́n àgbà gbọ́n la fi dá a, ibẹ̀ náà ni ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn èèyàn ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ praímárì ní gbogbo iṣẹ́ fún odindi ọdún mẹ́fà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Àwọn ọmọ náà ò kẹ́yìn, kódà wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Tí ọmọ bá lè fi Yorùbá kọ́ ìṣirò, kí ló dé tí tíṣà ò lè fi Yorùbá kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta ma. Ìlú Oǹdó ni mo ti ń ṣe tíṣà. Àwọn ọmọ kíláàsì mi lé ní àádọ́ta. Ọ̀kan nínú wọn ò gbọ́ràn dáadáa, tẹ́ ẹ bá pè é lẹ́ẹ̀kan kò ní dáhùn, èkejì ò ríran débi bọ́ọ̀dù, ó máa ń dìde wá dúró níwájú kó tó lè dà á kọ, àwọn yòókù á máa pariwo pé ó ń dí àwọn. Wọ́n ní kí n sọ fún àwọn òbí wọn kí wọ́n mú wọn lọ sí "iléèwé irú wọn". Ọkàn mi ò gbà á. Fóònù tó wà nínú kíláàsì náà, tèmi nìkan ni, ojú ẹ̀ sì ti sán. Kí ni mo lè ṣe?

ÌDÁHÙN: Ọkàn yín ò tàn yín. Òfin tó ta ko kí wọ́n máa ya àwọn abirùn sọ́tọ̀, tí wọ́n ṣe ní 2018, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní January 2019, sọ ọ́ kedere pé iléèwé ìjọba gbọ́dọ̀ gba abirùn mọ́ra, kó sì rọrùn fún wọn láti lò. Ó sì ti pẹ́ kó tó dìgbà yẹn, láti 1994, tí àwọn orílẹ̀-èdè ti pàdé ní Salamanca ní Sípéènì, tí wọ́n fẹnu kò pé iléèwé tó wà ládùúgbò ni kó gba gbogbo ọmọ. Nítorí náà ẹni tó ní kí wọ́n máa lọ, òun ló ń ṣe ohun tí kò tọ́, bẹ́ ò tiẹ̀ lè sọ ọ́ lójú ẹ̀.

Ká tó dé ọ̀rọ̀ fóònù, ẹ sọ fún àwọn òbí kí wọ́n mú wọn lọ yẹ etí àti ojú wò ní ọsibítù. Etí ọmọ míì, ìdọ̀tí ló dí i, tàbí etí tó ń ṣọyún látìgbà pípẹ́ tí wọ́n ń da àdí sí. Ojú ọmọ míì, jígí ló ń béèrè. Wọ́n lè ti máa pe ọmọ ní olódo láti praímárì 1 nítorí jígí!

Ìjókòó ló kàn. Ẹ mú àwọn méjèèjì wá síwájú, kó jẹ́ pé níjòókòó wọn ni wọ́n wà, kó má di pé wọ́n ń dìde. Ẹ má sọ̀rọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá kọjú sí bọ́ọ̀dù, torí ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa ń wo ètè yín ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ẹ má sì fẹ̀yìn ti fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ á wà lẹ́yìn yín, ojú yín á ṣókùnkùn sí i. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ò gba dátà, wọn ò gba iná.

Wàyí o, fóònù ojú sísán yẹn. Tẹ́ ẹ bá kọ nǹkan sí bọ́ọ̀dù tán, ẹ ya á, ẹ gbé e fún ọmọ tí kò ríran, kó fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ kó tóbi, kó máa dà á kọ níjòókòó ẹ̀. Ó tán. Fún èyí tí kò gbọ́ràn, àwọn áàpù wà tó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹnu di àkọsílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, Google gbé Live Transcribe jáde ní 2019, ọ̀fẹ́ ni lórí Android. Àmọ́ ẹ má gbójú lé e jù, ẹ kọ́kọ́ fi ohùn ara yín dán an wò nílé, torí bá a ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì l'Oǹdó, ó lè kọ ohun tí ẹ ò sọ, ariwo àádọ́ta ọmọ náà á sì tún dà á láàmú. Ohun tó dáa jù ni kẹ́ ẹ kọ kókó ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn, gbólóhùn mẹ́rin márùn-ún, sí igun bọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ máa rí i pé àwọn tó gbọ́ràn dáadáa náà á máa wò ó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ tíṣà ti ń ṣe é ti ni fọ́tò. Wọ́n á ya ojú ewé ìwé ní fọ́tò, wọ́n á jù ú sí gúrúùpù, wọ́n á ní àwọn ti fi nóòtì ránṣẹ́. TalkBack wà lórí fóònù Android, NVDA wà fún kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n, àwọn ọkùnrin afọ́jú méjì ará Ọsirélíà ló bẹ̀rẹ̀ NVDA ní 2006. Ńṣe ni wọ́n máa ń ka ọ̀rọ̀ sókè fún ẹni tí kò ríran, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ ni wọ́n ń kà dáadáa, tó bá kan fọ́tò, ọ̀pọ̀ ìgbà ohun tí afọ́jú máa gbọ́ ò ju "image" lọ. Nítorí náà ẹ tẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá sì fi fóìsì nóòtù ránṣẹ́ nínú gúrúùpù tíṣà yín, kí ẹnì kan tẹ kókó ẹ̀ sísàlẹ̀, gbólóhùn méjì ti tó, torí tíṣà tí kò gbọ́ràn wà nínú iṣẹ́ yìí náà, ẹni tó wà nínú mọ́tò tí kò lè gbé ohùn sókè náà wà. Ohùn àti àkọsílẹ̀ papọ̀, nígbà gbogbo.

Mo wá fẹ́ bi yín, ta ló mọ iṣẹ́ yìí jù nílẹ̀ wa? Iléèwé àwọn adití wà l'Àkúrẹ́, ti àwọn afọ́jú wà l'Ọ̀wọ̀, àwọn tíṣà ibẹ̀ ń ṣe lójoojúmọ́ ohun tẹ́ ẹ ń bi mí yìí, kò sì sẹ́ni tó ń pè wọ́n. A ń fi owó ńlá gbé ọ̀mọ̀wé wá láti òkèèrè wá sọ ọ́ fún wa, ẹni tó mọ̀ ọ́n wà ní wákàtí kan sí wa. Ẹ mú ẹnì kan nínú wọn wọ gúrúùpù yín. Ẹ ní kó fi fídíò ìṣẹ́jú kan ránṣẹ́ lọ́sẹ̀, kó kọ́ yín ní àmì márùn-ún péré: jókòó, wò mí, ó yé mi, kò yé mi, tún un ṣe. Kẹ́ ẹ wá kọ́ gbogbo kíláàsì, kì í ṣe ọmọ yẹn nìkan, àwọn ọmọ fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, wọ́n á tiẹ̀ máa fi ṣòfófó. Èdè àmì tá à ń lò nílẹ̀ yìí, inú ti Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti wá, Andrew Foster ló mú un wá, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tóun fúnra ẹ̀ jẹ́ adití, tó dá iléèwé adití sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1960. Nítorí náà fídíò Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ bá rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì á wúlò díẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ẹni tó wà nílé yẹ̀ ẹ́ wò fún yín kẹ́ ẹ tó kọ́ ọmọ, torí tiwa ti yàtọ̀ sí tiwọn níbi púpọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń kọ́ JSS 2 n'Íjàpọ̀ ma. Gbogbo ìgbà tí mo bá pín wọn sí gúrúùpù, ọmọ kan tó gbọ́n lá ṣe gbogbo ẹ̀, àwọn yòókù á kọ orúkọ sí i. Ó wá burú sí i nígbà tí mo gbà wọ́n láyè láti mú fóònù òbí wá.

ÌDÁHÙN: Iṣẹ́ tẹ́nì kan lè dá ṣe lẹ fún wọn, ó sì dá a ṣe. Ẹ wá iṣẹ́ tí kò ṣeé dá ṣe.

Ní 1971 ní ìlú Austin ní Texas, aláwọ̀ funfun àti dúdú pẹ̀lú àwọn ọmọ ará Mẹ́síkò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sí kíláàsì kan náà, ìjà lójoojúmọ́. Wọ́n pe ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Elliot Aronson, kó wá wò ó. Òun àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ gé ẹ̀kọ́ sí ọ̀nà bí iye ọmọ tó wà nínú gúrúùpù, ọmọ kọ̀ọ̀kan gba èérún kan, kò sì sọ́nà míì tí àwọn tó kù fi lè mọ èérún náà àfi kí ọmọ yẹn sọ ọ́ fún wọn. Ọmọ tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n di ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ pé jọ̀ọ́ máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ ká lè gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi kòkó ṣe é, Oǹdó náà kúkú ni ìpínlẹ̀ kòkó. Ẹ gé e sí mẹ́rin: gbíngbìn àti ìbòòji ẹ̀, àrùn tó ń sọ èso di dúdú lásìkò òjò, bí wọ́n ṣe ń di hóró rẹ̀ fún bí ọjọ́ márùn-ún sí méje kó lè kan, sísá àti títà. Fóònù mẹ́rin péré lẹ nílò ní gbogbo kíláàsì. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, fóìsì nóòtù ìṣẹ́jú méjì wà, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ẹ̀ lábẹ́, ẹ sì lè gba ohùn àgbẹ̀ fúnra ẹ̀ sílẹ̀, àgbẹ̀ kòkó ò wọ́n láyìíká yín. Àwọn "ọmọ àrùn" láti gbogbo gúrúùpù á pàdé nídìí fóònù kan, wọ́n á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, wọ́n á bi ara wọn léèrè. Lẹ́yìn náà fóònù á padà sápò, kálukú á padà sí gúrúùpù ẹ̀ láti lọ kọ́ àwọn tó kù. Ìdánwò kékeré lópin, ọmọ kọ̀ọ̀kan á dá tiẹ̀ kọ. Ẹ máa gbọ́ ọmọ olóye yín tí á máa bẹ ẹni tí kì í lanu pé, "Wò ó, kí ni wọ́n sọ nípa ọjọ́ mélòó tí wọ́n máa dì í? Tún un sọ."

Ọmọ tó bá ń kólòlò tàbí tí kò tíì mọ̀wé kà, ẹ má fún un ní èérún tó rọrùn jù o, ẹ fún un ní èyí tó dùn jù.

ÌBÉÈRÈ: Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tẹ́ ẹ ń sọ yìí, àwa tá a wà létí omi n'Ílàjẹ ńkọ́? A máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi ká tó rí báà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan péré. — Tíṣà abúlé

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, kọ̀ǹpútà lè bára wọn sọ̀rọ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Áàpù ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Kolibri, láti 2017 ló ti wà, irú ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ò dé gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ gbé lápútọ́ọ̀pù kan lọ sí Ìgbọ́kọ̀dá tàbí Àkúrẹ́ lẹ́ẹ̀kan ní táàmù, ẹ kó ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ sínú ẹ̀ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Tẹ́ ẹ bá padà délé, ẹ tan họ́tísípọ́ọ̀tì ẹ̀, fóònù àwọn tíṣà àtàwọn ọmọ á so mọ́ ọn, wọ́n á máa ka ìwé, wọ́n á máa wo fídíò, wọ́n á máa dáhùn ìbéèrè, láìsí dátà kankan. Tí lápútọ́ọ̀pù bá wọ́n, kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń jẹ́ Raspberry Pi lè ṣe é, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, páwá báǹkì lè gbé e.

Ti gúrúùpù tíṣà, ẹ fi mẹ́mórì káàdì ṣe é. Ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ sórí ẹ̀, kí ẹni tó ń lọ ọjà bá yín gbé e dé iléèwé kejì, ti wọn á bá ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá. Ó máa pẹ́ ni, àmọ́ ó máa dé. Rédíò náà ò tíì kú o. Ní 1974 ni wọ́n ti fi rédíò kọ́ ọmọ praímárì ní ìṣirò ní Nicaragua, tó jẹ́ pé rédíò á béèrè, á dákẹ́, gbogbo kíláàsì á pariwo ìdáhùn, tíṣà náà ń kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀ bí ó ṣe ń gbọ́ ọ. Ẹ lè fi fóònù kan àti sípíkà kékeré ṣe irú ẹ̀ lábúlé yín.

ÌBÉÈRÈ: Tíṣà ọmọ mi ya ìwé ọmọ mi ní fọ́tò, ó fojú ọmọ náà hàn níbi tó ti ń sunkún, ó jù ú sórí gúrúùpù àwọn òbí, ó kọ ọ́ pé "ẹ bá wa dá sí i". Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ti rí i. — Ìyá ọmọ, Ìṣíkàn

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Ohun tí mo sọ lókè pé kí wọ́n fi bébà bo orúkọ, ìdí ẹ̀ rèé. Òfin lórí ìsọfúnni ẹni tí wọ́n ṣe ní 2023 ní dandan ni kí òbí gbà kí wọ́n tó máa lo ìsọfúnni ọmọdé, ojú ọmọ tó ń sunkún sì wà lára ẹ̀. Ẹ má gbé ìjà lọ sórí gúrúùpù, torí gbogbo ẹni tó bá dáhùn síbẹ̀ á tún gbé fọ́tò náà sókè. Ẹ lọ bá tíṣà náà fúnra ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé ọ́físì hẹ́dìmísírẹ́ẹ̀sì, ẹ ní kó tẹ fọ́tò náà mọ́lẹ̀, kó yàn án kó pa rẹ́ fún gbogbo èèyàn. WhatsApp kì í gbà á mọ́ tó bá ti lé díẹ̀ ní ọjọ́ méjì tí wọ́n ti fi ránṣẹ́, nítorí náà tó bá jẹ́ àná ló gbé e síbẹ̀, ẹ má dúró di ọ̀la.